Búlúù Inú Ife

Ọdún márùn-ún ni bàálù yìí fi jù mí lọ,
ara rẹ̀ ṣì ń dán bí ìyeyè tó pọ́n.
Metro ẹ̀gbọ́n mi ló fi owó àlìkámà rà á
lọ́wọ́ opó kan ní apá gúúsù Yorkton,
ọdún tí yìnyín ba oko gbogbo ẹlòmíì jẹ́.
Òun náà ló kọ́ mi. Ó ti sùn báyìí.
Ó ku èmi, Halia, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
awakọ̀ ọmọ iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì,
àti ajá kan tí kò fẹ́ràn ariwo.

Láàárọ̀ Sátidé, oòrùn kò tíì ga,
mo fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ife
bí Metro ti kọ́ mi: gbé e sókè, wò ó.
Epo bàálù, wọ́n máa ń rẹ ẹ́ ní búlúù
kí ojú lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi.
Mo gbé e sókè. Mo wò ó.
Ó mọ́ gaara, kò pín sí méjì, ó sì ní búlúù díẹ̀.
Jígí ojú mi wà nílé, nínú àpò aṣọ òtútù.
Mo ní, ó dára.

Mo fi igi di táyà, mo fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó wúkọ́, ó bú, ó gbà.
Koríko ń sá lọ lábẹ́ wa,
tugu, tugu, tugu,
títí tugu fi di fẹ́ẹ́.
Ilẹ̀ jọ̀wọ́ wa.
Aká ọkà onípákó tí wọ́n ti pa tì
wá dọ́gba pẹ̀lú ìyẹ́ wa,
mo ń ka orúkọ abúlé tí òjò ti fọ̀ dànù lára rẹ̀
nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣe hẹ́ẹ̀,

bí ẹni tí omi pá lórí.
Ó sọjí. Ó tún ṣe hẹ́ẹ̀.
Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ lára wáyà ni mò ń gbọ́
àti ajá mi tó ń gbó nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú,
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Àgbà ni mí. Ọrùn mi ti ń yí.
Ẹ̀yìn ni koríko tí mo gé lánàá wà,
ilé wà níbẹ̀, kọfí wà lórí sítóòfù.
Yíyí kan péré, Halia. Kékeré báyìí.
Ohùn Metro dé. Kò pariwo, ó kàn rẹ̀ ẹ́
bó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo bá tún àṣìṣe kan náà ṣe:
"Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ kì í ṣe tìrẹ mọ́.
Àwọn tó yí padà, èmi ni mo bá wọn gbé pósí."

Ẹ̀rù ní kí n fa imú rẹ̀ sókè. Mo tì í wálẹ̀.
Iwájú, òdòdó kanólà Abram Wiebe,
ìyeyè títí ojú fi rẹ̀,
kò sí igi, kò sí òkúta, àfi ọgbà wáyà kan
tí a fò pẹ̀lú ìbú àtẹ́lẹwọ́.
Kí táyà tó kanlẹ̀ ni òdòdó ti ń lù wá níkùn,
ṣàràràrà, bí ẹni ń ya aṣọ gígùn,
ìrù gbé, ìrù wálẹ̀,
a jókòó.

Oyin kan wọlé, ó wo aago tó ń ka gíga, ó jáde.
Abram ń fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wá mi kiri,
ó kọjá mi lẹ́ẹ̀mejì:
bàálù ìyeyè nínú òdòdó ìyeyè.
Ajá ló fi imú mú un dé ọ̀dọ̀ mi.
Ó wò mí, ó wo ọ̀nà tí mo là sínú oko rẹ̀,
ó ní, "Halia, ìkórè ṣì ku oṣù méjì."
Ó wá jókòó sílẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo tún fa epo sínú ife.
Mo wọ jígí. Mo gbé e sí iwájú ògiri funfun.
Kò ní búlúù rárá.
Omi ni, láti òkè délẹ̀, omi òjò Tọ́sìdeè.
Ojú ọ̀run ló wà nínú ife yẹn láàárọ̀,
mo sì pè é ní epo.